Ìtàn Ìgbésí Ayé Vivien Thomas, Ẹni Tí Ó Kọ́ Àwọn Dókítà ní Rírán Iṣan Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn yìí ni ó ti ṣe olùkọ́ rí, tàbí tí ó ń ṣe é lọ́wọ́. Nítorí náà a rò pé ìtàn tí a fẹ́ sọ ní oṣù yìí yóò yé wọn ju bí yóò ti yé ẹlòmíràn lọ. Ìtàn olùkọ́ kan ni, olùkọ́ tí kò ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Kì í ṣe dókítà, kò sì jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rí gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ tí òkìkí wọn kàn jùlọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti kọ́ bí a ti ń gé iṣan ẹ̀jẹ̀ àti bí a ti ń rán an pọ̀ kí ẹ̀mí má bàa bọ́. Vivien Theodore Thomas ni orúkọ rẹ̀. Adúláwọ̀ ni, ọmọ àwọn tí a kó baba ńlá wọn lẹ́rú kọjá òkun. A bí i ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1910.

Nígbà tí ó wà ní kékeré ni àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí ìlú Nashville ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni William baba rẹ̀, ó sì kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, wọn a bá baba wọn lọ síbi iṣẹ́, wọn a di òòlù mú, wọn a di ayùn mú, wọn a fi ìfági fá igi títí yóò fi dán. Ẹni tí ó bá ti bá gbẹ́nàgbẹ́nà ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé a kì í gé igi kí a tó wọ̀n ọ́n, àti pé igi tí a bá gé kúrú kì í gùn mọ́. Ẹ̀kọ́ yìí ni ó bá Vivien dé ibi tí baba rẹ̀ kò lérò.

Dókítà ni ó fẹ́ dà. Ó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga Pearl ní Nashville ní ọdún 1929, ó sì ń fi owó iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà pamọ́ díẹ̀díẹ̀ láti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣùgbọ́n ní ọdún náà gan-an ni ọjà owó Amẹ́ríkà wó lulẹ̀, tí ìyà sì bá olówó àti tálákà. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ dáwọ́ dúró. Nígbà tí ó di oṣù Kejì ọdún 1930, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sí Yunifásítì Vanderbilt, níbi tí ọ̀dọ́ dókítà òyìnbó kan, Alfred Blalock, ti ń wá ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́ nínú yàrá ìwádìí. Vivien gbà láti ṣe é fún ìgbà díẹ̀, títí owó kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò fi pé. Dọ́là 12 ni a ó máa san fún un lọ́sẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni báńkì tí ó kó owó rẹ̀ sí kógbá wọlé, gbogbo ohun tí ó ti fi pamọ́ sì ṣègbé. Báyìí ni iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ṣe di iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ohun tí Blalock wí fún un ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé yẹ ní gbígbọ́. Ó ní òun ń fẹ́ ẹni tí òun lè kọ́ ní gbogbo ohun tí òun mọ̀ ọ́n ṣe, títí yóò fi lè ṣe ohun tí òun tìkára òun kò lè ṣe pàápàá. Ó sì mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Ní ọjọ́ kìíní, Vivien dúró tì í bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ajá kan. Kí wọ́n tó túká, Blalock sọ fún un pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òun ni kí ó fún ajá mìíràn ní oògùn oorun kí ó sì pèsè rẹ̀ sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ. Dókítà mìíràn níbẹ̀, Joseph Beard, ṣe àlàyé bí ara ẹ̀dá ti ń ṣiṣẹ́ fún un, òun náà sì ń ka ìwé àwọn oníṣègùn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ó dùn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀, Vivien ṣe àṣìṣe kan, Blalock sì bínú, ó bú u pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rírùn. Ọmọkùnrin náà kò dá a lóhùn. Ó lọ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ó padà wá, ó sì fi sùúrù wí pé a kò tọ́ òun dàgbà láti máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí a san owó òun kí òun máa lọ. Ẹ rántí ìgbà tí à ń wí: ọmọ adúláwọ̀, tí kò tíì pé ogún ọdún, níwájú dókítà òyìnbó, ní ìlú tí a kò ti ń gbà kí dúdú àti funfun mu omi lójú ẹ̀rọ kan náà, àti ní ọdún tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú. Blalock tọrọ àforíjì, ó sì ṣèlérí pé irú rẹ̀ kì yóò ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó pa ìlérí náà mọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́ pọ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ ni ti àìsàn òjijì tí ń bá ẹni tí ó fara pa púpọ̀: ara rẹ̀ a tutù, ọkàn rẹ̀ a máa sáré, agbára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a lọ sílẹ̀, a sì kú nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà sílẹ̀ lójú wa. Àwọn oníṣègùn ìgbà náà rò pé oró kan ni ń ti ibi ọgbẹ́ wọ inú ara lọ. Blalock àti Thomas fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀jẹ̀ àti omi ẹ̀jẹ̀ ni ó ń jò kúrò nínú iṣan wọ inú ẹran ara tí ó fara gbọgbẹ́, nítorí náà kí a tètè dá wọn padà ni oògùn rẹ̀. Nígbà tí ogun ọdún 1939 sí 1945 dé, ìmọ̀ yìí gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ogun là. Ní gbogbo ìgbà náà, nínú ìwé ìsanwó, agbálẹ̀ ni a kọ Vivien Thomas sí.

Ó tọ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín kí a sọ ìdí tí iṣẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ fi le. Rírán iṣan kò dà bí rírán aṣọ. Iṣan rọ̀, ó tutù, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń fi agbára gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá jìnnà síra jù, yóò jò. Bí a bá fa òwú le jù, ẹnu rẹ̀ yóò fún. Bí etí rẹ̀ tí a gé bá yí sínú, ẹ̀jẹ̀ yóò dì síbẹ̀, ọ̀nà yóò sì dí. Alexis Carrel, dókítà ará Faransé, ni ó fi ọ̀nà tí ó dára hàn nínú ìwé ní ọdún 1902, a sì fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá ní ọdún 1912. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kà á nínú ìwé kò tíì mọ̀ ọ́n títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n, kò sì yẹ kí ó jẹ́ ara ọmọ ọlọ́mọ ni yóò ti kọ́kọ́ dán an wò.

Ní ọdún 1938, Blalock àti Thomas gé iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọwọ́ iwájú ajá, wọ́n sì rán an mọ́ èyí tí ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, láti wò ó bóyá agbára ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró yóò ga sókè. Kò ga. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì kọjá lọ. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí kò so èso yìí wá ta gbòǹgbò.

Òkìkí Blalock ń kàn. Ilé ìwòsàn Henry Ford ní ìlú Detroit fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n wọn kò gba adúláwọ̀ sí iṣẹ́; Blalock kọ̀ láti lọ láìsí Thomas. Ní ọdún 1941 a pè é sí Johns Hopkins ní ìlú Baltimore láti jẹ́ olórí àwọn oníṣẹ́ abẹ, ó sì mú Thomas lọ́wọ́ lọ. Thomas ti fẹ́ Clara aya rẹ̀ ní ọdún 1933, wọ́n sì ti ní ọmọbìnrin méjì. Ilé gbígbé ṣòro fún wọn ní Baltimore, owó kò sì tó. Ní ilé ìwòsàn náà, adúláwọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ mìíràn ju iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá àti irú rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ tí Thomas wọ ẹ̀wù funfun àwọn oníwàádìí gba ọ̀nà àárín ilé náà kọjá, àwọn ènìyàn dúró wò ó.

Ní ọdún 1943 ni Dókítà Helen Taussig tọ̀ wọ́n wá. Obìnrin yìí ni ó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú àbùkù ọkàn. Etí rẹ̀ ti di, kò lè gbọ́ ìró ọkàn mọ́. Ọwọ́ ni ó fi ń gbé àyà ọmọ lé láti mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni àwọn tí ètè àti èékánná wọn dà bí ohun tí a rẹ sínú aró. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà láti ọkàn wọn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ti fún jù, ihò sì wà nínú ògiri tí ó pín ìsàlẹ̀ ọkàn sí méjì, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì gba atẹ́gùn ń bá èyí tí ó ti gbà dàpọ̀ jáde. Bí wọ́n bá rin ìṣísẹ̀ díẹ̀, wọn a lóṣòó kí wọn lè mí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dàgbà. Taussig ti ṣàkíyèsí pé bí iṣan kan tí ń so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ kò bá tíì dí lẹ́yìn ìbí ọmọ, ara ọmọ náà a sàn díẹ̀. Ó béèrè bóyá oníṣẹ́ abẹ kò lè ṣe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọdún 1938 wá sí ìrántí wọn.

Blalock gbé iṣẹ́ náà lé Thomas lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ ní láti dá irú àìsàn náà sí ara ajá, kí ó tó lè wádìí bóyá ìránpọ̀ iṣan yóò wo ó sàn. Èyí nìkan gba oṣù púpọ̀, àwọn ajá tí ó lò sì tó bí igba. Ó lè dun ẹlòmíràn nínú wa láti gbọ́ èyí, kò sì yẹ kí a fi bò. Ohun tí a lè sọ ni pé Thomas kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú wọn: oògùn oorun ni a ń fún wọn, ó sì ń tọ́jú wọn bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn, dé ibi pé àwọn ará ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí mú ajá ilé wọn tí ara rẹ̀ kò yá wá bá a. Anna ni orúkọ ajá tí ó kọ́kọ́ pẹ́ láyé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, a sì ya àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri ní Hopkins.

Kò sí irin iṣẹ́ tí ó yẹ fún iṣan ọmọdé nígbà náà. Gbẹ́nàgbẹ́nà wa gé abẹ́rẹ́ kúrú, ó sì pọ́n ẹnu rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó lè bá òwú ṣẹ́dà kéékèèké mu. Ó sì bá àwọn tí ń ṣe irin iṣẹ́ ṣe ẹ̀mú kan tí yóò di iṣan mú kí ẹ̀jẹ̀ má tú jáde, tí kì yóò sì pa iṣan náà lára. Orúkọ Blalock ni a fi pe ẹ̀mú náà.

Ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1944 ni a gbé ọmọbìnrin kan wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ọmọ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò wúwo ju ọmọ titun lọ púpọ̀. Títí di ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Blalock ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí lára ajá, Thomas sì ni ó ràn án lọ́wọ́. Thomas ti ṣe é nígbà púpọ̀. Kò fẹ́ wá sí yàrá náà rárá, ṣùgbọ́n Blalock ránṣẹ́ pè é. Ó gun orí àpótí kan lẹ́yìn èjìká ọ̀tún ọ̀gá rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì dúró sí. Iṣan ọmọ náà kéré púpọ̀ sí ti ajá. Blalock a béèrè bóyá ihò tí òun gé tó. Thomas a dá a lóhùn. Bí abẹ́rẹ́ bá fẹ́ gba ibi tí kò yẹ wọlé, Thomas a fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé apá kejì ni. Àwọn dókítà tí ó yí tábìlì náà ká, nínú èyí tí William Longmire àti ọ̀dọ́ Denton Cooley wà, rí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a tú ẹ̀mú, ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀nà titun náà lọ.

Ọmọ náà yè, ara rẹ̀ sì sàn sí i, ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà àìsàn padà dé, ó sì kú. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan wà lára àwọn tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀: lórí tábìlì náà gan-an ni àwọ̀ aró ti kúrò ní ètè rẹ̀. Nígbà tí Blalock àti Taussig tẹ ìròyìn náà jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1945, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọmọ wọn wá láti gbogbo ìlú, àwọn dókítà sì ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá wò ó. Orúkọ Thomas kò sí nínú ìròyìn náà. Síbẹ̀ Blalock kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ bí Thomas kò bá tíì dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ìtàn yìí ti kan àwa olùkọ́ jùlọ. Àwọn ọ̀dọ́ dókítà tí ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ní Hopkins a máa lo ìgbà nínú yàrá ìwádìí, Thomas sì ni ó ń ṣe àkóso rẹ̀. Wọ́n ti kàwé ju ú lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wọ ibẹ̀, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni wọ́n. Níbẹ̀ ni a ti ń kọ́ bí a ti ń fi ẹ̀mú di iṣan láìfọ́ ọ, bí a ti ń yí etí rẹ̀ síta kí inú lè kan inú, bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ajá tí ó bá jí tí ó sì ń rìn ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ó ń jẹ́rìí bóyá iṣẹ́ dára; kò sí ẹnu dídùn tí ó lè tan irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jẹ. Cooley sọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé Thomas mú iṣẹ́ abẹ rọrùn lójú ẹni, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìṣe kan tí kò nídìí. Cooley yìí ni ó fi ọkàn tí a fi ọwọ́ ṣe sí àyà ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 1969. Alex Haller, Frank Spencer, àti Rowena Spencer, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ó kọ́kọ́ ṣe oníṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọdé, jẹ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bákan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ tí kò ní ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n fi di òṣìṣẹ́ pàtàkì nínú yàrá ìwádìí.

Ọwọ́ náà kọjá èyí tí a lè fi ẹnu sọ. Ní ọdún 1946 ó ṣe iṣẹ́ kan nínú ọkàn ajá, láti fi ọ̀nà hàn fún àwọn ọmọ tí iṣan ńlá ọkàn wọn ṣí ipò. Blalock yẹ ọkàn náà wò, ó fi ìka tọ́ ọ, kò sì rí ojú abẹ́rẹ́. Ó wí pé ó dà bí iṣẹ́ Olúwa fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyìn kì í ra oúnjẹ. Ní alẹ́, nígbà tí Blalock bá ń ṣe àsè ní ilé rẹ̀, Thomas ni ó ń bu ọtí fún àwọn àlejò láti fi kún owó rẹ̀, nínú àwọn àlejò náà sì ni àwọn dókítà tí ó kọ́ ní iṣẹ́ ní ọ̀sán. Ó pinnu láti padà sí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Nashville. Ìgbà tí Blalock gbọ́ ni ó tó bá àwọn aláṣẹ sọ ọ́, a sì fi kún owó rẹ̀ ní ọdún 1946 títí kò fi sí irú òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ń gbà tó o. A ti bi ara wa léèrè ìdí tí kò fi pariwo. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, Harold, tí ó jẹ́ tísà ní Nashville, tí ó pe àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́jọ́ nítorí pé a ń san owó tí ó kéré fún àwọn tísà adúláwọ̀. Thurgood Marshall bá a rojọ́, ó sì borí ní ọdún 1942. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò rí èyí.

Ní ọdún 1947 ó tún gbìyànjú láti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Morgan ní Baltimore, kí ó lè di dókítà. Wọn kò ka iṣẹ́ ọdún mẹ́tàdínlógún rẹ̀ sí nǹkan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé yóò ti tó ẹni àádọ́ta ọdún kí ó tó parí. Ó fi í sílẹ̀, ó sì padà sí yàrá ìwádìí rẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ohun tí a kò jẹ́ kí òun fi jẹ orúkọ. Ní tiwa, a kò lè ka ibi yìí nínú ìtàn rẹ̀ láìsí ìbànújẹ́. A gbọ́ pé Blalock pàápàá, kí ó tó kú ní ọdún 1964, wí pé ó yẹ kí òun ti wá ọ̀nà rán Vivien lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Lẹ́yìn ikú Blalock, Thomas dúró sí ẹnu iṣẹ́. Àwọn tí ó kọ́ ti di ọ̀gá ní ilé ìwòsàn káàkiri. Àwọn náà ni wọ́n dá owó jọ ní ọdún 1968 láti ya àwòrán rẹ̀. Ní ọdún 1971 a gbé e lé e lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn, a sì gbé e kọ́ sí ilé tí a fi orúkọ Blalock pè, níbi tí àwòrán Blalock wà. Ní nǹkan bí àkókò yìí ni Levi Watkins, ọ̀dọ́ adúláwọ̀, wá kọ́ iṣẹ́ abẹ ní Hopkins, ó sì rí nínú Thomas bàbá àti ọ̀rẹ́. Ní ọdún 1976 Yunifásítì Johns Hopkins fi oyè dókítà dá a lọ́lá. Dókítà nínú ìmọ̀ òfin ni wọ́n fi jẹ, kì í ṣe ti ìṣègùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè pè é ní Dókítà Thomas. Ní ọdún náà pẹ̀lú ni a kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ abẹ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà, lẹ́yìn tí ó ti ń kọ́ni níbẹ̀ fún ọdún márùndínlógójì.

Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1979, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 1985 ni ó kú, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ìwé náà sì jáde ní ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí a ti ń fi orúkọ Blalock àti Taussig nìkan pè tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà ń pè é ní ti Blalock, Thomas àti Taussig lónìí. Ní ọdún 2005, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Johns Hopkins pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sí ìsọ̀rí mẹ́rin, a fi orúkọ Vivien Thomas pe ọ̀kan nínú wọn, a sì fi ti Helen Taussig pe òmíràn.